Àbúrò mi tó jẹ́ adití ti sorí kọ́: ibo ni ìtọ́jú wà ní Òṣogbo, báwo sì ni dókítà yóò ṣe gbọ́ ọ?

Ọmọ Òkè-Fíà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé wá síwájú yín. Télọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbóǹá, àìsàn yírùnyírùn ló sì gba etí rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ti forí ṣánpọ́n ni kò ti rí bí ó ṣe máa ń rí mọ́. Kì í sùn lóru, oúnjẹ tí ó ń jẹ kò tó ti ọmọ kékeré, aṣọ oníbàárà ti kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láìrán, bí a bá sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni yóò kọjú sí ògiri. Ẹ sì mọ̀ pé adití tí kò bá ti wo ọwọ́ ẹni, kò sí bí a ṣe lè bá a sọ ohunkóhun.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Èmi ni dókítà kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ni ó bi bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bóyá ó ti ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Mo dáhùn bí mo ṣe rò pé ó rí, wọ́n kọ oògùn fún wa, ó parí. Àbúrò mi jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹnu wa.

Mo fẹ́ mọ ibi tí ó yẹ kí a lọ, bí a ṣe lè rí ògbufọ̀ tó mọ èdè ọwọ́ tí yóò bá wa wọlé sọ́dọ̀ dókítà, àti bóyá òfin wà lẹ́yìn wa bí a bá béèrè. Àwọn àgbà ilé ti ń sọ̀rọ̀ òkè àdúrà, n kò sì mọ èsì tí n ó fún wọn.

Màmá Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Ìbéèrè tí dókítà fi kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ sì bi àbúrò yín fúnra rẹ̀ lónìí, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ ó padà sí ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rù pé bíbéèrè ni yóò fi èrò náà sí aláìsàn lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ìbéèrè náà máa ń fún un láyè láti sọ ohun tó ti ń gbé pamọ́. Ẹ lo ọwọ́, ẹ ya àwòrán, ẹ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ adití bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní òun ti ń rò ó, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ nínú ilé, ẹ sì kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn eku àti gbogbo oògùn tó wà nílé lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tó wọn. Bí ó bá ti mọ ọ̀nà tí ó fẹ́ gbé e gbà, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti ibi tí ẹ ó lọ, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ níbí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ojú àdúgbò rí yín, Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà, ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, Aro, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ, sì wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó kọ́kọ́ rí yín, kí ẹ sì mú àwọn oògùn tí ó kọ dání pẹ̀lú páálí wọn.

Adití Ayégbajú

Adití ni èmi náà. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí etí mi tó di, ìdí nìyí tí Yorùbá fi wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń kọ ọ́ sí yín. Àbúrò yín kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí kò tíì gbọ́ èdè tó kí etí rẹ̀ tó lọ. Nítorí náà, bí dókítà bá na bébà àti bírò sí i pé kí ó kọ ohun tó ń ṣe é, ẹ sọ fún un pé kò tíì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló lè kọ orúkọ, iye owó àti ìwọ̀n aṣọ sílẹ̀ dáadáa, tí a kò sì ní lè kọ ọ́ pé ó ń ṣe wá bíi pé a kò wúlò mọ́, ìbáà jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá. Wíwo ètè kò tó pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìró ni kì í hàn lẹ́nu rárá, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kò sì sí lójú ètè. Bí adití bá ń mi orí, ẹ má rò pé ó ti yé e. A máa ń mi orí kí ẹ lè jẹ́ kí a sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn oníṣègùn fi máa ń ṣi adití mú. Ojú wa jẹ́ apá kan èdè wa: bí a ṣe ṣe ojú ni a fi ń béèrè ọ̀rọ̀, òun náà ni a fi ń sọ pé nǹkan pọ̀ tàbí pé ó kéré. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rí adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kíákíá, tí ó fa ojú ro, tí ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kí ẹnìkan lè wo òun, yóò sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé oníjàgídíjàgan ni. Ìbéèrè pé ṣé ó ń gbọ́ ohùn tún ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí ẹlòmíràn nínú wa yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí ó jẹ́ pé etí tó ń hó ni ó ń sọ, tàbí ìró jẹnẹrétọ̀ tí ó ń gbọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Kí dókítà béèrè bóyá ó ń rí ẹni tó ń fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò rí, tàbí bóyá ó gbà pé àwọn kan ń mọ èrò inú òun láìsọ.

Kí ẹ tó wá ògbufọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ wo inú ilé náà. Nígbà tí gbogbo ẹbí bá ń rẹ́rìn-ín nídìí àmàlà, tí ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ta ní ń dá a lóhùn? "Màá sọ fún ọ tó bá yá" ni wọ́n fi tọ́ èmi dàgbà, n kò sì tíì gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ọlọ́run Ń Gbọ́

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, mo rọ̀ yín pé kí ẹ má fọwọ́ rọ́ àwọn àgbà sẹ́yìn. Ọwọ́ ayé lè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òkè àdúrà sì ti gba ọ̀pọ̀ sílẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì

Kí wọ́n máa gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní àwọn ọdún 1950 kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sẹ́yìn. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ààwẹ̀ tipátipá. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà nítorí àìsàn ọpọlọ, nínú ilé àdúrà, nínú ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti nínú àwọn ibi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń bójú tó. Ẹ wá ro ti adití nínú irú ipò bẹ́ẹ̀: ọwọ́ tí a dè yẹn ni ẹnu rẹ̀. Bí pásítọ̀ tàbí àáfà bá gbà pé kò ní dè é, pé kò ní dá oògùn àti oúnjẹ rẹ̀ dúró, tí àbúrò yín sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ, ẹ bá a lọ.

Ògbufọ̀ kan ní Ọláìyá

Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí irú èdè ọwọ́ tí àbúrò yín ń lò. Andrew Foster, adití tó wá láti Amẹ́ríkà, dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ tí ó pọ̀ jù ní àwọn ilé ìwé wa lónìí sì wá láti ara ti Amẹ́ríkà tí ó fi ń kọ́ni. Ẹni tó bá lọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé àti ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́ ni ó ti mọ èyí tí ó ń sọ, ẹ ó nílò ẹni méjì: ògbufọ̀ tó ń gbọ́ràn, àti adití kan tó mọ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ ti àkọ́kọ́, tí yóò sì máa tún un sọ ní ọ̀nà tí yóò fi yé e. Ó ń gba àkókò, nítorí náà ẹ bẹ dókítà pé kí ó fi àyè sílẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù, tàbí kí ó fi yín sí ìparí ọjọ́ nígbà tí èrò ti fọ́n ká.

Èkejì ni àṣírí. Àwọn adití Òṣogbo mọ ara wọn bí ará agboolé kan, ọ̀pọ̀ nínú àwa ògbufọ̀ ló sì jẹ́ pé inú ìjọ àwọn adití ni a ti kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ àbúrò yín fún dókítà lè jẹ́ ẹni tí yóò dúró níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ fi orúkọ ògbufọ̀ hàn án kí ẹ tó pè é, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Bí kò bá fẹ́ ará ìlú kankan, ẹ wá ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀yọ́, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn akanda ẹ̀dá láti 1977, kí ó sì ṣe iṣẹ́ náà lórí fídíò WhatsApp. Fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀, iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa àti dátà tí kò ní já lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni ẹ nílò. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn adití, NNAD, kí wọ́n tọ́ka ẹni tó ṣeé fọkàn tán fún yín.

Nínú yàrá dókítà, kí ògbufọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dókítà, kí ó fà sẹ́yìn díẹ̀, kí àbúrò yín lè máa rí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí fèrèsé má wà lẹ́yìn wọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ yóò sọ ọwọ́ di òjìji. Dókítà yóò wo aláìsàn, yóò sì wí pé "ṣé o ń sùn?", kò ní wo ògbufọ̀ kí ó ní "bi í bóyá ó ń sùn." Ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ nínú yàrá náà ni a ó túmọ̀, títí kan èyí tí nọ́ọ̀sì bá sọ sí dókítà létí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ìta ni kí ẹ jókòó sí ní apá kan ìpàdé náà. Ọ̀rọ̀ wà tí ọkùnrin kò ní sọ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìbáà jẹ́ adití tàbí ẹni tó ń gbọ́ràn. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ kankan nínú ilé ṣe ògbufọ̀ láéláé. Mo ti rí i tí ọmọdé ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ikú fún òbí rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Òkè-Báálẹ̀

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá léèwọ̀, ti 2018, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba tó bá ń tọ́jú ẹni tó ní ìṣòro ìbánisọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀nà tí wọn yóò fi gbọ́ ara wọn yé. Ó tún sọ pé àwọn akanda ẹ̀dá ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn lórí ìlà, àti pé ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti sọ di akanda ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún àwọn onílé ìjọba láti tún àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, àsìkò yẹn sì ti pé láti oṣù kìn-ín-ní 2024. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ló rọ́pò òfin wèrè tí a jogún láti ayé àwọn amúnisìn. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un, kí ó sì lọ́wọ́ sí i. Ẹni tí a kò bá sọ ọ̀rọ̀ yé ní èdè rẹ̀ kò tíì fọwọ́ sí ohunkóhun, àní bí ó bá ti tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù.

Èmi kò ní tàn yín: ohun tó wà nínú ìwé òfin àti ohun tí ẹ ó bá lójú káńtà lè yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ má dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ìtọ́jú kí ẹ tó máa fa ìwé òfin yọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ilé ìwòsàn náà ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sọ pé adití ni aláìsàn yín, irú èdè ọwọ́ tí ó ń lò, ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò san owó ògbufọ̀. Ẹ gba sítáǹpù sórí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀dà náà ni ẹ ó fi gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá.

Ọmọ Òkè-Fíà

Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san rere. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé bá a jókòó lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní èrò ikú máa ń wá, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbèrò ohun tí òun yóò ṣe, ó sì gbà pé kí a kó oògùn eku kúrò nílé. Ohun tí gbogbo wa kò mọ̀ tún jáde: ọmọbìnrin náà kò kọ̀ ọ́. Àwọn òbí ọmọbìnrin náà ni wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí a bí adití sí ìdílé àwọn. Èmi tí mo ti sọ fún dókítà pé ìjà ọ̀rẹ́bìnrin ni!

Màmá Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun tí ẹ bi í. Ẹ sọ fún àwọn òbí náà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọ́ fún wọn, pé etí tí àìsàn yírùnyírùn bà jẹ́ kì í ràn mọ́ ọmọ. Kòkòrò ló wọ inú awọ tó bo ọpọlọ, tó sì ba inú etí jẹ́. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tí bàbá ń fún ọmọ. Irọ́ yìí ti ba ìgbéyàwó púpọ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún dókítà tí ẹ ń lọ rí bí ó ṣe jẹ́, nítorí ìtọ́jú ẹni tí wọ́n kọ̀ nítorí ara rẹ̀ kò dúró sórí oògùn nìkan. Yóò nílò ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Apòògùn Òpópónà Gbọ̀ngán

Ẹ wo oògùn tí wọ́n kọ fún un kí ẹ tó máa lò ó lọ, kí ẹ sì bi dókítà tuntun nípa rẹ̀. Haloperidol àti chlorpromazine, tí wọ́n sábà máa ń kọ fún àìsàn ọpọlọ tó le, lè mú kí ọwọ́ gan, kí ó sì máa gbọ̀n. Fún ẹni tó ń gbọ́ràn, ìnira ni. Fún àbúrò yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa já, bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, àwọn ènìyàn yóò sì rò pé àìsàn náà ló ń le sí i. Télọ̀ ni pẹ̀lú, ọwọ́ yẹn náà ló fi ń jẹun. Artane tí wọ́n máa ń fi kún un láti tú ọwọ́ sílẹ̀ lè sọ ojú di bàìbàì, bẹ́ẹ̀ náà ni amitriptyline tí wọ́n ń lò fún ìsoríkọ́, ojú sì ni adití fi ń gbọ́. N kò sọ pé kí ẹ kọ àwọn oògùn wọ̀nyí o. Kí dókítà mọ̀ ọ́n kí ó tó yàn, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré, kí ẹ sì tètè sọ fún un bí ọwọ́ tàbí ojú bá yí padà. Oògùn ìsoríkọ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án òní. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára, nítorí náà ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí pé kò tíì yí padà.

Ìyá Abdul, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ọmọ mi kò lè rìn, kò sì lè sọ̀rọ̀ ketekete láti ìgbà ìbí. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì ní ọ̀rọ̀ kan fún àǹtí tó béèrè. Ta ní ń bi ìwọ náà bóyá o ń sùn? Nígbà tí mo gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn lórí àga onítáyà, tí mo gbé e gun àtẹ̀gùn sẹ́yìn mi, nọ́ọ̀sì kan wo ojú mi, ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi kí ó tó kan ọmọ. Ó ga gan-an. Àwa ìyá tí a ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pàdé báyìí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ń ṣọ́ ọmọ fún ara wa kí ẹnìkan lè lọ sùn.

Afọ́jú Òkè-Àyẹpẹ́

Foonu mi ló ń ka ọ̀rọ̀ yín fún mi. Ẹ má gbàgbé àwa náà, nítorí ilé tí mo ń gbé ní afọ́jú méjì àti adití kan, gbogbo wa ló sì ń lo oògùn. Kí apòògùn tó di oògùn ìsoríkọ́ mọ́ inú ọ̀rá fún afọ́jú, kí ó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan páálí rẹ̀. Mo máa ń so rọ́bà kan mọ́ ìgò ti àárọ̀, méjì mọ́ ti alẹ́, mo sì máa ń ní kí apòògùn sọ orúkọ oògùn àti bí n ó ṣe lò ó sínú fóònù mi kí n lè tún un gbọ́ nílé. Fún àbúrò yín, kí ògbufọ̀ ṣe bákan náà pẹ̀lú fídíò: kí ó fi ọwọ́ sọ bí yóò ṣe lo oògùn náà, kí ó di páálí kọ̀ọ̀kan mú níwájú kámẹ́rà, kí fídíò náà sì wà lórí fóònù àbúrò yín. Kó má jẹ́ tiyín.